Ọkùnrin kan, pátẹ́ńtì lórí ámpù àti lórí multithreading: ṣé ó ṣeé gbà gbọ́?

Ìbéèrè òǹkàwé: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Mo ń wá nǹkan kan lórí ámpù (ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn di ńlá) nínú àkójọ pátẹ́ńtì (ìwé àṣẹ fún ẹni tó hùmọ̀ nǹkan tuntun) ti Amẹ́ríkà ni mo bá kan orúkọ ọkùnrin kan. Ìdajì pátẹ́ńtì rẹ̀ dá lórí sáákíìtì ámpù fún orin, ìdajì tó kù dá lórí multithreading, ìyẹn bí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ṣe ń di okùn iṣẹ́ púpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Kò yé mi. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Lójú tèmi, ó kàn lówó lọ́yà ni, tàbí kó jẹ́ pé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe é tó wá kọ orúkọ tirẹ̀ sí i. Nǹkan kejì: bí ámpù bá ní pátẹ́ńtì, ṣé ó ti dáa ju èyí tí kò ní nìyẹn?

* * *

Àbúrò, jẹ́ ká ti ibi eku bẹ̀rẹ̀. Òwe yẹn dára, kò kàn bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni. Alan Blumlein, ará Gẹ̀ẹ́sì tó ṣiṣẹ́ ní EMI, ní pátẹ́ńtì 128. Òun ló kọ̀wé béèrè pátẹ́ńtì lórí ohùn stereo ní oṣù Kejìlá 1931. Òun náà ló ni sáákíìtì tí wọ́n ń pè ní long-tailed pair, tó ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ìwọlé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ámpù títí dòní. Ó ṣiṣẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, nígbà tí ogun dé ó bọ́ sórí rédà. Ìdí rédà yẹn ló wà nígbà tí bàálù Halifax tí wọ́n fi ń dán an wò já lulẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 1942. Ọmọ ọdún 38 ni. Eku mélòó lẹ ní ó lé?

Ní ti pé ọmọ iṣẹ́ ló ṣe é: lórí ìwé pátẹ́ńtì Amẹ́ríkà, ẹni tó hùmọ̀ nǹkan náà lọ́tọ̀, ẹni tó ni ín lọ́tọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òṣìṣẹ́ ló hùmọ̀ rẹ̀, iléeṣẹ́ ló ni ín. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ọ̀gá tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà, tí wọ́n sì yọ ti ẹni tó ṣe é, àtakò tó lè pa pátẹ́ńtì náà nílé ẹjọ́ nìyẹn, àwọn lọ́yà òdì kejì kì í sì gbàgbé láti yẹ̀ ẹ́ wò. Mi ò ní kò sí ọ̀gá tó ń jí iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé o ò lè fi pé iṣẹ́ rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì mọ̀ ọ́n.

* * *

Àwọn òǹkàwé mẹ́ta ti wá fèsì pé ámpù àti kọ̀ǹpútà kò bá ara wọn tan rárá, pé ti etí ni ọ̀kan, ti ìṣirò ni ìkejì. Mi ò gbà. Ìṣòro kan náà ni mo rí nínú méjèèjì: ìdúró. Kí lo máa fi ohun èlò olówó gọbọi ṣe nígbà tó bá ń dúró?

Ẹ jẹ́ kí n fi orí tábìlì mi hàn yín. Mo kọ́ ámpù class A kan fúnra mi, irú èyí tí transistor rẹ̀ (ẹ̀yà tó ń darí iná) kì í sinmi, wáàtì 25 sí sípíkà 8 ohm. Fún wáàtì 25, kọ́rẹ́ǹtì tó ga jù tí sípíkà yẹn máa gbà jẹ́ ampere 2.5. Nínú class A tí transistor kan ń tì tí èkejì ń fà, o gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ìdajì rẹ̀, ampere 1.25, máa ṣàn nígbà gbogbo, orin wà o, orin ò sí o. Iná tí mo fún un jẹ́ fóltì 24 lókè, 24 nísàlẹ̀, 48 lápapọ̀. Fi 1.25 sọ 48 di púpọ̀: wáàtì 60. Ọ̀tún àti òsì jẹ́ 120, kí olórin tó la ẹnu. Irin tó ń fa ooru kúrò lára àwọn transistor náà gbóná débi pé bí mo bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, mi ò lè kà ju márùn-ún lọ kí n tó yọ ọwọ́. Owó ìdúró ni gbogbo ooru yẹn. Transistor yẹn kò ṣe ju pé ó wà ní sẹpẹ́.

Dín bias (kọ́rẹ́ǹtì tó ń ṣàn nígbà gbogbo yẹn) kù, ooru á lọ, wàhálà mìíràn á dé. Níbi tí ìgbì ohùn ti ń kọjá òdo, transistor òkè ń fi iṣẹ́ lé ti ìsàlẹ̀ lọ́wọ́. Bí ọwọ́ àwọn méjèèjì kò bá kan ara wọn, nǹkan á já bọ́ láàárín wọn. Mo ti rí i lójú oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń ya ìgbì iná síta fún ojú: àkàsọ̀ kékeré kan láàárín ìgbì tó yẹ kó dán gbọ́rẹ́gbọ́rẹ́. Bí orin bá ń ké lóhùn òkè o lè má gbọ́ ọ. Ìgbà tí dùùrù bá ń kú lọ díẹ̀díẹ̀ ni etí á mú un, bí ìgbà tí iyanrìn bá wà nínú ohùn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ pátẹ́ńtì ámpù láti bíi 1970 ń bá yí nìyí: báwo la ṣe máa rí dídán class A láì san owó ìdúró rẹ̀? Nelson Pass, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe ámpù, gba tirẹ̀ ní 1976 lórí bias tó ń yí bí orin ṣe ń yí, kí transistor kankan má bàa sùn lọ pátápátá láàárín ìgbì. Iléeṣẹ́ Quad ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ámpù 405 jáde ní 1975 pẹ̀lú current dumping: ámpù kékeré tó mọ́ ń ṣe àtúnṣe, ámpù ńlá tí kò lẹ́wà rárá ń gbé ẹrù. Iléeṣẹ́ Hitachi mú class G wá ní 1977: fóltéèjì kékeré fún orin jẹ́ẹ́jẹ́, ńlá nígbà tí ìlù bá bú.

Ẹ wá wo kọ̀ǹpútà. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó wà ní 3 gigahertz ń lu ìlù 3 (ìlù kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣísẹ̀ iṣẹ́ kan) nínú nanosecond kan, ìyẹn ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ohun tó ń wá kò bá sí nínú cache, ìyẹn mẹ́mọ́rì kékeré tó sún mọ́ ọn, ó di kó lọ bá mẹ́mọ́rì ńlá, ìyẹn sì lè gba nanosecond 100. Ìlù 300 ti kọjá, kò ṣiṣẹ́ kankan, iná ń jó. Ṣé ẹ ti wá rí transistor mi báyìí?

Ohun tí multithreading sọ ni pé: nígbà tí okùn kan bá ń retí, fún un ní òmíràn kó máa fà. Èrò náà ti pẹ́. Àwọn ẹ̀rọ kékeré 10 tó ń ran kọ̀ǹpútà CDC 6600 lọ́wọ́ ní 1964 ń gba ẹ̀rọ ìṣirò kan ṣoṣo lò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó tò sórí ìlà. Burton Smith kọ́ odidi kọ̀ǹpútà lé èrò yẹn lórí, HEP ti iléeṣẹ́ Denelcor, ní 1982, nígbà tó sì dé iléeṣẹ́ Tera ó gbé e dé okùn 128 fún ọpọlọ kan. Ní 1995 Tullsen, Eggers àti Levy ní Yunifásítì Washington fi hàn pé okùn púpọ̀ lè jọ wọlé nínú ìlù kan náà, wọn ò tilẹ̀ ní láti tò. Ní 2002 Intel, iléeṣẹ́ tó ń ṣe chip (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), tà á fún gbogbo ayé ní orúkọ Hyper-Threading. Wọ́n ní ohun tó fi kún ìtóbi chip náà kò tó ìdá 5 nínú 100, àmọ́ iṣẹ́ lè fi tó ìdá 30 nínú 100 pọ̀ sí i.

Ìdá 5 san ìdá 30. Irú ìṣirò tí ẹni tó ń yí bias ń ṣe nìyẹn. Kò yà mí lẹ́nu rárá pé orí kan ṣoṣo lè gba méjèèjì.

* * *

Ẹnìkan tó jọ pé ó jù mí lọ dáadáa sọ pé, “Ọ́fíìsì pátẹ́ńtì ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti jẹ́rìí sí i pé ó dára, kí la tún ń jà sí?”

Ẹ má bínú sà, ọ́fíìsì pátẹ́ńtì kì í tan ámpù. Kò sí sípíkà lórí tábìlì wọn. Ohun tí wọ́n ń bi ara wọn ni bóyá ó jẹ́ tuntun, bóyá ó wúlò, àti bóyá kì í ṣe ohun tó ti hàn gbangba sí ẹni tó mọṣẹ́. “Wúlò” yẹn sì rọrùn láti kọjá. Ámpù tó ń dún bí agolo lè gba pátẹ́ńtì, bí ọ̀nà tó gbà ń dún bí agolo bá ṣáà ti jẹ́ tuntun.

Òdì kejì rẹ̀ tún wà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ 1927, Harold Black, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, wà lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá odò Hudson, ó ń lọ síbi iṣẹ́ ní Bell Labs, iléeṣẹ́ ìwádìí tẹlifóònù. Ọdún mélòó kan ló ti fi ń wá bí ámpù tẹlifóònù kò ṣe ní máa ba ohùn jẹ́. Èrò náà já lù ú lójijì: mú díẹ̀ nínú ohun tó jáde, yí i sódì, dá a padà sẹ́nu ọ̀nà ìwọlé, kí ámpù máa fi ara rẹ̀ wé ohun tí wọ́n rán an. Ó yà á sórí ìwé ìròyìn New York Times tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Negative feedback tó wà nínú ámpù yín nílé nìyẹn. Ọ́fíìsì pátẹ́ńtì kò gbà á gbọ́. Lójú àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ̀rọ tó ń yí títí ayé láì gba agbára ló rí. Ó lé ní ọdún 9 kí Amẹ́ríkà tó fún un, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1937, pẹ̀lú kíléèmù 126, ìyẹn àwọn gbólóhùn tó sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Bó bá jẹ́ òǹtẹ̀ ọ́fíìsì là ń dúró dè kí a tó mọ ohun tó dára, à bá pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ tún máa sọ pé ilé ẹjọ́ wà. Ó wà lóòótọ́. Edwin Armstrong, onímọ̀ rédíò ará Amẹ́ríkà, gba pátẹ́ńtì regeneration (dídá ohùn rédíò padà sínú sáákíìtì kó lè lágbára sí i) ní 1914, Lee de Forest ní òun lòun ni ín, wọ́n fà á títí dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá de Forest láre ní 1934. Ní ọdún yẹn kan náà Armstrong lọ bá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ rédíò pé òun fẹ́ dá àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fún òun padà. Wọ́n ní àwọn ò gbà á. Àwọn tó mọ sáákíìtì náà sọ tiwọn, àwọn adájọ́ sọ tiwọn.

* * *

Ọ̀rọ̀ ti yà díẹ̀. Ẹnìkan ní multithreading kò lè ní pátẹ́ńtì nítorí pé “software kò ṣeé gba pátẹ́ńtì lé”. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń yí kiri láti ọdún 2014 tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Alice. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí èrò rẹ bá jẹ́ èrò lásán, fífi kọ̀ǹpútà ṣe é kò sọ ọ́ di ohun tí pátẹ́ńtì ń bò. Wọn ò sọ pé gbogbo software ti kú. Ẹni tó bá kọ kíléèmù rẹ̀ lórí ohun tó wà nínú chip, bí àpẹẹrẹ àkójọ register (àyè kékeré tí ọpọlọ ń kó nọ́ńbà sí) fún okùn kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀rọ tó ń pinnu ta ló kàn, kò sí lábẹ́ òjò yẹn bí ẹni tó kọ “ọ̀nà láti pín iṣẹ́ sí méjì”. Ní Yúróòpù náà, ètò kọ̀ǹpútà gẹ́gẹ́ bí ètò kọ̀ǹpútà lásán ni òfin yọ sílẹ̀. Iyàn parí.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mi ò fi ń wárí fún multithreading kankan, pátẹ́ńtì ì báà pọ̀ lórí rẹ̀ bí iyanrìn.

Mo ń gba ohùn olórin sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Kí ohùn má bàa pẹ́ kó tó padà sí etí ẹni tó ń kọrin, mo fi buffer, ìyẹn iye ẹ̀là ohùn tí kọ̀ǹpútà ń gbà lẹ́ẹ̀kan, sí 64, ní ìwọ̀n ẹ̀là 48,000 lójú ìṣẹ́jú-àáyá. Ìyẹn ni pé kọ̀ǹpútà ní millisecond 1.33 péré láti parí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bó bá pẹ́, ihò á wà nínú ohùn. Ká! Á tún dákẹ́. Ká-ká! Olórin ṣí agbekọ́rí, ó bi mí pé ta ló ń ṣẹ́ igi. Ìwọ̀n iṣẹ́ tó wà lójú kọ̀ǹpútà kò tó ìdajì, ọ̀rọ̀ náà wá dà bí iṣẹ́ ọ̀tá. Mo pààrọ̀ wáyà, mo pààrọ̀ ihò USB, mo yọ Wi-Fi. Ìgbà tí mo pa Hyper-Threading nínú BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó ṣí tán) ni gbogbo rẹ̀ dákẹ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé okùn méjì tó wà nínú core kan (ọ̀kan nínú àwọn ọpọlọ inú chip) ń jọ lo ohun èlò kan náà. Lápapọ̀ wọ́n ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n okùn kọ̀ọ̀kan ń lọ́ra ju bó ṣe máa rí bó bá dá wà lọ. Okùn ohùn tèmi kò bìkítà fún lápapọ̀, millisecond 1.33 ló mọ̀. Nígbà tó wá di pé kí n kó odidi orin jáde, tí kò sí ẹni tó ń dúró, iṣẹ́ tó máa ń gba ìṣẹ́jú 20 gba 24. Ìdá 30 tí wọ́n ń polówó ti bá ibẹ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ wa kan ti fèsì pé ní tòun, títan án ló mú ká-ká lọ. Mo gbà á gbọ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ tuntun ju tèmi lọ, ohun tó ń pín iṣẹ́ nínú rẹ̀ lè mọ̀ pé kò yẹ kí òun kó okùn ohùn pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹ dán an wò lórí ẹ̀rọ tiyín, ẹ má gba ọ̀rọ̀ èmi tàbí tirẹ̀.

Nǹkan kan tún wà: ẹni tó bá ń bá ọ pín ilé lè máa gbọ́ ohun tí ò ń ṣe. Ní 2005 Colin Percival, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà, fi hàn pé okùn kan lè wo ìrìn cache kó sì fi jí àṣírí okùn kejì. Ní oṣù Kẹfà 2018 OpenBSD, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, pa Hyper-Threading fún àwọn tó ń lò ó àyàfi bí wọ́n bá fúnra wọn tan án. Nígbà tó di 2024, Intel fúnra rẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú chip Lunar Lake. Ohun tí gbogbo wa ti ń pè ní ọ̀nà àbáyọ fún ogún ọdún!

* * *

Kúkurú fún àwọn tó ń béèrè bóyá wọ́n lè kọ́ ámpù tó ní pátẹ́ńtì fún ara wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò yọ lílò nílé sílẹ̀: ẹni tó ṣe é, ẹni tó lò ó, ẹni tó tà á, gbogbo wọn wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ nítorí ámpù kan ṣoṣo. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ohun tó o ṣe nílé láì tà á kò kan ẹnikẹ́ni. Nelson Pass fúnra rẹ̀ ti tẹ ọ̀pọ̀ sáákíìtì jáde fún àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn kọ́ ámpù. Ẹ sì wo ọjọ́ orí rẹ̀: pátẹ́ńtì Amẹ́ríkà tí wọ́n béèrè fún lẹ́yìn oṣù Kẹfà 1995 kì í sábà kọjá 20 ọdún láti ọjọ́ tí wọ́n béèrè, ọ̀pọ̀ sì ń kú ṣáájú nítorí ẹni tó ni ín kò san owó ìtọ́jú ní ọdún mẹ́ta ààbọ̀, méje ààbọ̀ tàbí mọ́kànlá ààbọ̀. Ti Pass ti 1976, ti Quad, ti Black, gbogbo wọn ti di ti gbogbo ayé tipẹ́.

Ìwọ tó fi àwòrán sáákíìtì tuntun rẹ hàn wá níbí lánàá tó o ní o fẹ́ gba pátẹ́ńtì lé e: fún Amẹ́ríkà, o ní ọdún kan láti àná. Fún Yúróòpù, o ti pẹ́: ohun tó o ti fi hàn kì í ṣe tuntun mọ́ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dùn ọ́.

* * *

Ẹni tó béèrè ìbéèrè ti padà dé. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe bẹ́ ẹ ṣe sọ fún mi lábẹ́lẹ̀, mo fo àwòrán àti ọ̀rọ̀ àkọ́sọ, mo lọ tààrà síbi kíléèmù kìíní nínú ti ámpù. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ó gùn bí òpó. Ẹ̀yà márùn-ún ni mo kà. Mo lọ wo ámpù tí wọ́n ní ó jí iṣẹ́ rẹ̀, mẹ́rin péré ni mo rí níbẹ̀.”

O ti ṣe ju gbogbo wa lọ. Bí ẹ̀yà kan ṣoṣo bá sọnù, tí kò sí ohun tó ṣe déédéé rẹ̀ níbẹ̀, kò jí kíléèmù yẹn, ariwo tí wọ́n ń pa níta ì báà pọ̀ tó. Ohun tí ọkùnrin yẹn ni ni ẹ̀yà márùn-ún tó so pọ̀ yẹn. Kò ni class A, kò ni feedback, kò sì ni multithreading nínú ìwé rẹ̀ kejì.

Ó tún béèrè pé nínú ẹ̀yà kẹta, wọ́n kọ ọ́ pé kọ́rẹ́ǹtì náà “fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà rárá”, pé mélòó ni fẹ́rẹ̀ẹ́.

Há. Lọ́yà méjì lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn jẹun fún ọdún mẹ́ta. Padà sínú àlàyé ìwé náà, wá ibi tó ti fi nọ́ńbà sí i, nítorí ibẹ̀ ni adájọ́ náà máa wò. Bí o bá rí i, gbé e wá síbí. Èmi máa tan ámpù tèmi, màá fi mítà sẹ́nu resistor 0.22 ohm rẹ̀, màá wò ó bó ṣe ń gbóná láti òtútù títí di ìdajì wákàtí, a ó jọ wo bóyá tèmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà.